Ẹran Gbígbẹ Dosi

Dosi ló máa ń tukọ̀ gbé èrò láti Topo lọ sí Àgbádárìgì. Ẹran màlúù gbígbẹ ló máa ń jẹ kó tó ṣíkọ̀, torí ó ń fún iṣan lókun, kì í sì í wúwo níkùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Mákánjú, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, já ẹran náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀ létí omi.

“Àwa ọkùnrin tó ń fa àwọ̀n la ni ẹran. Omi ọbẹ̀ tó obìnrin.”

Dosi gbé àjẹ̀ lé e lọ́wọ́. “Ó dáa, ẹ̀gbọ́n. Kí omi ọbẹ̀ wá tukọ̀.”

Ó jókòó sórí iyanrìn. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lé Mákánjú lórí, títí ó fi dá ẹran padà. Dosi rọra jẹ ẹ́ tán lójú rẹ̀, ó sì ṣíkọ̀.