Inú Kọ́bọ́ọ̀dù Sójà

"Ẹ bá mi pe Káfíńtà o! Àbí ilẹ̀ ti lanu gbé e mì ni?"

Ohùn ìyá ìyàwó ẹ̀ nìyẹn. Bí màmá yẹn bá lahùn lẹ́yìnkùlé, ẹni tó ń sùn nílùú kejì á dáhùn pé "Ẹ mà!" Káfíńtà gbọ́ ọ ketekete. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ló wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ níwájú ilé, ó ká orúnkún mọ́ àyà, ó dákẹ́ bí ìṣó tí wọ́n ti gbá wọ pákó.

Orí ẹ̀ ò dàrú o. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Tó bá kan kọ́bọ́ọ̀dù tán, á wọ inú ẹ̀, á pa ilẹ̀kùn dé, á máa wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ́ wọlé kó lè dí i. Àmọ́ kọ́bọ́ọ̀dù Sójà yìí, láti ìjẹta ló ti dí pa. Eruku gan-an, àfi kó tọrọ àyè kó tó ráyè wọ ibẹ̀. Káfíńtà ṣáà ń wọ ibẹ̀ lọ wá ìmọ́lẹ̀ ni.

Ẹ wo ilé ẹ̀ náà. Yàrá méjì péré. Ìyàwó ẹ̀ bímọ, ìyá ìyàwó wá bá wọn tọ́jú ọmọ, atẹ́gùn tún wá ṣí òrùlé àbúrò ẹ̀ obìnrin, tòun tọmọ ẹ̀ gbogbo bá kó dé. Bí ẹnì kan bá fẹ́ yíra padà lórí ẹní níbẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ ṣèpàdé. Ọmọ tuntun ńkọ́? Bó bá figbe ta, ìṣó á fò jáde lára àga. Ó rẹ Káfíńtà débi pé oorun ti gbàgbé ojú ẹ̀.

Ìró ọmọlanke ni Káfíńtà kọ́kọ́ gbọ́, tó ń dún gbàǹgbàlà níta. Sójà ti dé wá gbé ẹrù ẹ̀, bàbá tó ti fẹ̀yìn tì tó ṣì ń rìn bíi pé ọ̀tá ń lé e bọ̀.

"Káfíńtà dà? Òní lo dá fún mi! Mo ti sọ ọ́, bí òní bá yẹ̀, bẹ́ẹ̀dì àti àga tó kù, ẹlòmíì ni mo máa gbé e fún!"

"Ẹ jókòó, sà." Ìyàwó Káfíńtà ló dáhùn, ọmọ ń ké lẹ́yìn ẹ̀. Kò wá ọ̀tún, kò wá òsì, ibi kọ́bọ́ọ̀dù ló kọrí sí tààrà. Ó ṣí i.

Wọ́n wojú ara wọn. Káfíńtà ń retí èébú.

"Ibẹ̀ dákẹ́?" ni ìyàwó béèrè.

"Ó pa lọ́lọ́, bí ojú odò."

"Ẹ ò wá lè pe èmi náà, Bàbá Ọmọ."

Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́, ìyẹn ló dun ọkùnrin náà ju èébú lọ. Ó wò ó dáadáa. Bàtà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ọ̀kan tiẹ̀, ọ̀kan ti màmá. Ojú ẹ̀ ti wọnú lọ.

"Ìgbà wo lo sùn gbẹ̀yìn?"

"Ṣé èmi? Kí ọmọ yín tó dé ni."

"Ẹ̀yin méjèèjì, ṣé inú ẹrù mi lẹ ti ń tayò ni?" Sójà ló pariwo yẹn.

Káfíńtà bọ́ sílẹ̀. Ó tú ọmọ lẹ́yìn ìyàwó ẹ̀, ó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn ara ẹ̀, ọ̀já wọ́ ọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Bọ́ síbẹ̀," ló wí. Ó rọra pa ilẹ̀kùn dé, ó lọ bá Sójà.

"Ẹ máà bínú, sà. Kò tíì ṣetán."

"Kí ló kù?"

"Mo ṣì ń wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ni."

Ibi tó ti ń wí i lọ́wọ́, kọ́bọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Òkè ló ń wó, kì í ṣe kékeré!

Sójà wo kọ́bọ́ọ̀dù, ó wo etí aṣọ ìyàwó tó yọ níbi ilẹ̀kùn, ó wo ọmọ tó ń ké lẹ́yìn Káfíńtà. Ó ṣí fìlà. Ó fa àpótí kan, ó jókòó síwájú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, ó nà gbọnrangandan bíi pé wọ́n ní kó ṣọ́ ọ.

"Ẹ bá mi pe ìyàwó Káfíńtà o!" Màmá tún ti bẹ̀rẹ̀.

Káfíńtà gbé ọmọ gun ẹ̀yìn dáadáa, ó kọrí sí ẹ̀yìnkùlé.

"Èmi ni mò ń bọ̀ yìí, Màmá. Kí lẹ fẹ́ ká ṣe?"