Ọkọ̀ Tí Bàbá Qonitah Ní Kó Tún Ṣe

Nùrẹ́nì kò fọwọ́ kan ọkọ̀ kankan rí bó ṣe ń fọwọ́ kan èyí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń nu omijé lójú olólùfẹ́. Rìwáyà ni, iná ọkọ̀ ló ń tún ṣe n'Ìkòtún láti ọdún mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe iṣẹ́ lásán. Lọ́jọ́ Jímọ̀, Àlùhájì Abdulganiyy, bàbá Qonitah, pè é jókòó, ó ní, "Ọkọ̀ mi yìí ti dákẹ́ látọdún tó kọjá. Tún un ṣe. Lọ́jọ́ tó bá gbé mi láti Ìjẹ̀gùn níbí dé Ìgàndó, kó àwọn ẹbí rẹ wá, ká sọ̀rọ̀ Qonitah."

Ọjọ́ kẹta rè é tó ti wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Qonitah gbé omi tútù wá, ó fara ti ọkọ̀ náà.

"Nùrẹ́, ṣé á ṣiṣẹ́ ṣá?"

"Ìwọ ṣáà máa ronú aṣọ tó o máa wọ̀."

"Mo ti rò ó tán, jàre. Ọwọ́ rẹ ló ń bà mí lẹ́rù. Ṣé gírísì yìí lo máa gbé wá síbi yìgì?"

Ọkàn Nùrẹ́nì yọ́ bí òrí tó rí oòrùn.

Lọ́jọ́ kìíní, orí bátìrì ló ti hu nǹkan funfun. Ó fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ó fi sáńpépà ha á. Lọ́jọ́ kejì, wáyà tó so bátìrì mọ́ ara ọkọ̀ ló ti jẹrà; ó pààrọ̀ rẹ̀. Lónìí ló wá kan wáyà fáànù tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù. Ẹnìkan ti so fáànù mọ́ bátìrì tààrà, bí wọ́n ṣe ń ṣe é káàkiri Ìkòtún: tí ohun tó ń tan fáànù bá ti bàjẹ́, wọn kì í wá òmíràn, wọ́n á kàn dáírẹ́ẹ̀tì rẹ̀, láìfi fíúùsì sí i. Wáyà ọ̀hún ti jóná, ó lẹ̀ pọ̀ bí ṣingọ́ọ̀mù.

Ọwọ́ Nùrẹ́nì dúró. Tí fáànù bá kú tí awakọ̀ kò sì mọ̀, ẹ́ńjìnnì á máa hó lọ ni títí á fi là. Ó ṣí ìdérí ọ́ìlì. Ohun tó bá níbẹ̀ funfun, ó ki bí ẹ̀kọ mímu. Omi ti dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì. Ẹ́ńjìnnì ti là.

Síbẹ̀ ó wọ inú ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì sín, ó gbọ̀n, ó tu èéfín funfun, irin kan dún gbàgà nínú rẹ̀, gbogbo ẹ̀ dákẹ́.

"Kí ló ṣe é?" Qonitah bi í. Nùrẹ́nì kò lè wo ojú rẹ̀.

Àlùhájì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àílà tán jáde síta, tẹ̀sùbáà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àlùhájì, ẹ́ńjìnnì ti lọ. Ó ti pẹ́ tó ti lọ."

"Mo mọ̀. Mẹkáníìkì mi ti sọ fún mi látọdún tó kọjá."

Nùrẹ́nì wò ó. "Ẹ mọ̀, ẹ wá ní kí n tún un ṣe?"

"Ọmọ jẹ́jẹ́ ni ẹ́. Ojú ń tì mí láti sọ pé rárá. Mo rò pé wàá rí i lọ́jọ́ kìíní, wàá sì fúnra rẹ lọ. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan n'Ìbàdàn ni mo fẹ́ fi Qonitah fún."

"Bàbá," ni Qonitah sọ.

"Wọlé lọ."

Qonitah wo Nùrẹ́nì, ó wọlé.

"Mo lè wá ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀," ni Nùrẹ́nì wí. "Ẹ ṣáà fún mi lóṣù mẹ́ta."

Àlùhájì mi orí. Kò bínú rárá. Ìyẹn gan-an ló burú jù. "Tó o bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, màá ní jíà ló kù. Tó o bá ṣe jíà, màá tún wá nǹkan míì. Ṣé ó yé ẹ?"

"Ó yé mi, sà."

Nùrẹ́nì kó sípánà rẹ̀ sínú àpò, ó jáde sójú títì láti wá ọ̀kadà. Ó rọra ń rìn, bóyá ẹnìkan á pè é padà. Kò sẹ́ni tó pè é.