Sìnóò Bo Òrùlé ní Mushin

Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti pé ọdún mẹ́ta ní Mushin nígbà tí wọ́n gbé kíláàsì kẹrin lé Fúnlọ́lá lọ́wọ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà ni, nítorí náà ó ṣì gbà pé torí kí ọmọ lè mọ nǹkan ni wọ́n ṣe ń rán an wá sílé-ìwé. Ọ̀gá ilé-ìwé náà, Ọ̀gbẹ́ni Oyèníran, tètè là á lóye.

Ọ̀gá ti lo oṣù mẹ́ta nílùú òyìnbó. Ó tó fún un láti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń tẹ ẹ̀bà, ó sì tó fún un láti mọ gbogbo ohun tó yẹ kéèyàn mọ̀ nípa ọmọdé.

"Orí ọmọ kì í ṣe àpò ìrẹsì, Mìsì," ló wí. "Má di ìmọ̀ rù wọ́n. Kí wọ́n ṣáà mọ ìwé kà. Tó bá ti dún dáadáa, ó ti yé wọn nìyẹn."

Ó sì ń dún. Láràárọ̀ ni àwọn ọmọ ń pa ohùn pọ̀ ka Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án nínú ìwé òyìnbó wọn, èyí tó sọ bí sìnóò, yìnyín ilẹ̀ òyìnbó, ṣe bo òrùlé ilé àgbẹ̀ kan. Àwọn tó ń lọ sọ́jà a dúró lójú fèrèsé, wọn a máa mi orí: ọmọ ẹni ti di òyìnbó tán.

Lọ́jọ́ kan, Fúnlọ́lá dá wọn dúró. Ó bi Sàúdátù, ọmọbìnrin tí ohùn rẹ̀ máa ń ròkè jù, léèrè ohun tí sìnóò jẹ́.

"Páànù ni, Mìsì. Òun ló bo òrùlé. Páànù tuntun sì ni, torí wọ́n ní ó funfun."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú kíláàsì. Gbogbo wọn ló ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Fúnlọ́lá pa ìwé dé. Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ní nǹkan lẹ́sẹẹsẹ, kí ti òní lè gbé ti ọ̀la ró: bí oòrùn ṣe ń fa omi lọ sókè, bó ṣe ń di òjò níbí, tó sì ń di sìnóò níbi tó tutù, bí odò Ògùn ṣe ń ti ẹ̀bá Ṣakí ṣàn wá dé ọ̀sà tí àwọn ará Makoko ti ń pẹja.

Láìpẹ́, Àmúdàtù, ìyá Sàúdátù, wá sílé-ìwé. "Mìsì, ẹ gbà mí. Ọmọ yìí ní omi tí mo fi ń fọ aṣọ ti wà lójú ọ̀run rí."

"Òótọ́ ló sọ, mà."

"Báwo ló ṣe wá débẹ̀? Mo bi í, ó ní kí n dúró de ẹ̀kọ́ ọ̀la."

Ọ̀rọ̀ dé etí ọ̀gá. "Ta ló ní kí o kọ́ wọn ní odò?" ló bi Fúnlọ́lá. "Ṣé wọ́n fẹ́ lọ wẹ̀ ni? Alábẹ̀wò ìjọba ń bọ̀. Padà sí Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án."

"Ó ti yé mi, sà," ni Fúnlọ́lá wí. Ó padà sí kíláàsì, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó bá ẹ̀kọ́ odò dé.

Alábẹ̀wò tó wá láti Ìbàdàn kò mọ ìwà hù: ojú ìwé tí ẹnikẹ́ni ò tíì kà rí ló ṣí, èyí tó dá lórí odò ńlá kan tó ń wọ inú òkun. Kíláàsì karùn-ún, tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ ń kọ́, kà á, ó dún bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Alábẹ̀wò wá béèrè ohun tí odò náà ń gbé lọ. Wọ́n tún un kà fún un, wọ́n gbóhùn sókè sí i, bóyá etí rẹ̀ ló di.

Àwọn ọmọ Fúnlọ́lá kọsẹ̀ léraléra nínú kíkà tiwọn. Ṣùgbọ́n bí ìbéèrè ti dé, gbogbo wọn nawọ́. Sàúdátù ní ẹrẹ̀ ni, pé ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ ẹnu odò fi dára fún oko. Ẹnì kan ní irọ́ ni, iyọ̀ òkun á bà á jẹ́. Alábẹ̀wò jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ, ó gbàgbé pé wọ́n ti se ìrẹsì dè é.

"Ta ló gbé irú ẹ̀kọ́ yìí kalẹ̀?"

Fúnlọ́lá la ẹnu, ọ̀gá sì wúkọ́. "Ohun tí mo ń sọ fún wọn látìgbà tí mo ti dé láti ọ̀hún nìyẹn, sà. Ìmọ̀ ni oúnjẹ ọmọ."

Wọ́n pe ọ̀gá sí Ìbàdàn kó wá la àwọn ọ̀gá ilé-ìwé yòókù lóye. Ó ní kí Fúnlọ́lá bá òun kọ ọ̀rọ̀ tí òun máa sọ níbẹ̀, torí ọwọ́ òun dí. Ó dun Fúnlọ́lá wọra. Ó fi omijé kọ díẹ̀, ó fi ọgbọ́n kọ ìyókù: ó kọ ọ́ pé nílé-ìwé Ọ̀gbẹ́ni Oyèníran, láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá kà á sókè. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sì ní àwọn ń bọ̀ wá wò ó.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Ọ̀gbẹ́ni Oyèníran ń sáré láti kíláàsì kan dé èkejì, òógùn bò ó, ó ń pàṣẹ pé kí wọ́n kọ́ ọmọ ní nǹkan gidi kíákíá. Fúnlọ́lá ń gbọ́ tíṣà kíláàsì kejì lódìkejì ògiri, tó ń ṣàlàyé bí ẹ̀fọn ṣe ń yé ẹyin sínú omi adágún. Tíṣà náà ṣi ibì kan sọ. Fúnlọ́lá gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó sì lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ láti bá a tún un ṣe.