Apẹ̀rẹ̀ Mẹ́fà Nílé Iṣẹ́ Rédíò

Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Àbúrò mi, tí mo pọ̀n dàgbà, ló sọ lórí ètò ẹ̀ ní rédíò: "Olójúkòkòrò làwọn àgbẹ̀ yìí. Tòmátì tó dáa ni wọ́n dà sójú títì!" Ni gbogbo ìlú bá ń pè wọlé, wọ́n ń bú wa bí olè. Lọ́jọ́ Ẹtì, ìjọba máa dájọ́ láàárín àwa àti ilé iṣẹ́ tòmátì alágolo. Bí ìlú bá ti kórìíra wa, a jẹ̀bi nìyẹn.

Ẹ gbọ́ o. Ilé iṣẹ́ yẹn ní àwọn ò gba èyí tí ò pọ́n dáadáa. A gbé èyí tó pọ́n débẹ̀, wọ́n ní ká tò sẹ́nu géètì, ọjọ́ méjì nínú oòrùn! Tó bá rà tán, wọ́n á ní kò dáa, ká máa gbé e lọ. Lọ síbo? Ojú títì ibẹ̀ náà la dà á sí.

Mo ní ó dáa, ohun tójú wa rí, ojú àbúrò mi náà á rí i. Lọ́jọ́ Ajé, mo gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì pípọ́n mẹ́fà lọ sílé iṣẹ́ rédíò, mo ní mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà ní, "Ẹ jókòó, Màmá, ó máa kàn yín." Mo to apẹ̀rẹ̀ sídìí fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé, mo jókòó tì wọ́n. Àbúrò mi ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó ń sá fún mi. Mo ń padà wá lójoojúmọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, omi tòmátì ti ṣàn dé ẹnu yàrá tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Eṣinṣin bo gbogbo ibẹ̀. Àbúrò mi jáde, ó dimú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ gbé wá?"

"Tòmátì tó dáa ni. Mo ń tò ni."

Ó wolẹ̀, ó wò mí. Ó yé e. Ọmọ àgbẹ̀ ṣáà ni. "Ẹ gbé e lọ, mo bẹ̀ yín."

"Kọ́kọ́ lọ sọ òótọ́ lórí rédíò."

"Ilé iṣẹ́ yẹn ló ń ṣe onígbọ̀wọ́ ètò mi. Wọ́n á lé mi!"

Àánú ẹ̀ ò ṣe mí, kí n má purọ́. Mo gbá a lápá mú wọ yàrá ọ̀hún, mo dúró sẹ́yìn ẹ̀. Ó sọ gbogbo ẹ̀. Fóònù ò sinmi mọ́; ilé iṣẹ́ náà ni wọ́n ń bú báyìí, wọ́n sì ń bú òun náà mọ́ ọn.

Ó jáde, omi ń bọ́ lójú ẹ̀. "Iṣẹ́ mi ti lọ nìyẹn."

"Ọkọ́ wà nílé. Wá aṣọ, kó o nulẹ̀ yìí ná."

Ó kúnlẹ̀ tòun ti ṣòkòtò funfun, ó ń nu ún. Mi ò bá a fọwọ́ kàn án.