Àdírẹ́sì Ilé Ẹ̀kọ́

"Ẹ gbà mí o, Tíṣà, ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀!" Ìyá Noemi, ọ̀kan lára àwọn òbí kíláàsì rẹ̀, ti ń pariwo kí Tirza tó ṣílẹ̀kùn tán. Ó na fóònù sí i.

Tirza fọwọ́ sẹ́yìn. Àbẹ́là tó fi bẹ̀rẹ̀ Sábáàtì, ọjọ́ ìsinmi àwọn Júù, ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn ṣì ń jó lórí tábìlì, kò sì ní fọwọ́ kan fóònù títí ilẹ̀ ọ̀la yóò fi ṣú. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti rí i ná: ẹ̀kọ́ ìsìn tó fi èdè Jámánì kọ, tó gbé sórí ayélujára lọ́sàn-án, kí àwọn ọmọ Júù tí kò ní olùkọ́ nílùú wọn lè rí nǹkan kọ́. Àwòrán kíláàsì tirẹ̀ ló fi ṣáájú. Ó bo ojú àwọn ọmọ dáadáa. Orúkọ òpópónà àti nọ́ńbà ilé tó wà lẹ́yìn wọn ni kò rántí bò. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí Júù kan ní ìlú Kassel tó ń sọ ibẹ̀ fún ará ìta, nítorí àwọn tó kórìíra wọn.

"Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀."

*A ti mọ ilé yín. Ó dọjọ́ Àìkú.*

Ọjọ́ Àìkú ni kíláàsì, ọmọ mẹ́rìnlá! "Mo gbé! Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é." Òun nìkan ló mọ ọ̀rọ̀ àṣírí tó ń ṣí ojú òpó náà. Ó wo kọ̀ǹpútà, ó wo àbẹ́là.

Bàbá Anschel, bàbá ọkọ rẹ̀, jáde láti yàrá. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni, kò sì tan iná rí lọ́jọ́ Sábáàtì, ká má tíì sọ ti kọ̀ǹpútà.

"Kí lò ń dúró wò?"

"Bàbá, Sábáàtì ti wọlé."

"Ta ló bi ọ́? Ẹ̀mí ọmọ wà nínú ewu, o ń wo àbẹ́là! Yà lọ́nà." Ó tẹ kọ̀ǹpútà náà, ó sì tàn. "Àgbà ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣe irú èyí, kójú má baà ti ẹnikẹ́ni. Ó yá, jókòó."

Tirza tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí náà, ó ṣì í. Ó tún un tẹ̀. Àwòrán náà lọ.

"Ó ti parí, àbí?" ni Ìyá Noemi bèèrè.

"Kò parí," ni Tirza dáhùn. "Ẹni tó kọ ọ́ ti rí i. Ẹ pe ọlọ́pàá."

Kò ní sí kíláàsì lọ́jọ́ Àìkú, gbogbo òbí sì gbọ́dọ̀ gbọ́ báyìí. Tirza mú fóònù tirẹ̀, ó pe ilé àwọn Reznik. Ó dún lẹ́ẹ̀kan péré.

Ìyá ibẹ̀ kò tilẹ̀ kí i. Láti ọdún mẹ́fà tí Tirza ti ń kọ́ ọmọ rẹ̀, kò pè é rí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí Sábáàtì ti wọlé.

"Tíṣà," ó ní, "ọmọ ta ni nǹkan ṣe?"