Idà Tí Kò Gbọdọ̀ Kan Ilẹ̀

“Gbé e sílẹ̀! Mo ní kí o gbé e sílẹ̀ báyìí!”

Ọlọ́pàá mẹ́ta ló dúró níwájú Adégbọlá lójú pópó Woolwich ní London láàárọ̀ ọjọ́ Sunday, méjì nínú wọn sì na ìbọn sí i láyà. Aṣọ funfun gbọ̀ọ̀rọ̀ ti ìjọ aládùúrà ló wọ̀, ó di àmùrè búlúù mọ́ ọn, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé idà kan dání. Òjò wẹliwẹli ń rọ̀ sí i lórí. Àwọn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì ti sá sẹ́yìn, àmọ́ wọn ò sá jìnnà débi tí fóònù wọn ò fi ní lè ya fídíò rẹ̀.

Irin ni idà náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè gé búrẹ́dì. Lọ́dọọdún, bí àjọ̀dún Máíkẹ́lì Mímọ́, áńgẹ́lì ajagun, bá ti sún mọ́lé, ìjọ wọn máa ń yan ẹnì kan tí yóò gbé idà náà lọ sílé, tí yóò gbààwẹ̀ tì í, tí yóò sì gbé e padà wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Èèwọ̀ rẹ̀ kò ju méjì lọ: wọn kì í fi nǹkan bò ó, kò sì gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Ó ti pẹ́ tí Adégbọlá ti ń fojú sọ́nà fún ipò yìí. Ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tó ti ń ṣiṣẹ́, ìlédìí ló ń pààrọ̀ fún wọn, kò sì sẹ́ni tó ń pè é ní sà níbẹ̀. Inú rẹ̀ dùn gan-an nígbà tó ń gbé idà náà jáde ní South Thamesmead láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Ìyàwó rẹ̀, Mọ́wùnmí, tó ń múra lọ síbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ti kìlọ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà.

“Daddy Ìlérí, ẹ fi bedsheet wé nǹkan yìí. Ṣé ẹ ti gbàgbé sójà tí wọ́n fi ọ̀bẹ pa lójú títì ní May ni? Nínú Woolwich yìí náà ni o!”

“Òfin gbà wá láyè. Daddy Enoch ti bi lọ́yà ìjọ léèrè. Nítorí ẹ̀sìn ni, kò sí case níbẹ̀.”

“Mo ti gbọ́, òfin gbà yín láyè. Àwọn tó máa rí yín lójú ọ̀nà ńkọ́? Ṣé lọ́yà máa bá yín ṣàlàyé fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ni?”

Adégbọlá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ẹnì kan tó wà nínú bọ́ọ̀sì ló rí i lójú ọ̀nà, tó sì pe ọlọ́pàá.

Ká sọ òótọ́, wọn ò kọ́kọ́ na ìbọn. Ọ̀kan nínú wọn bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, ó sì béèrè jẹ́ẹ́jẹ́ pé, “Ọ̀gá, kí lẹ gbé dání yẹn?” Ká ní Adégbọlá dúró sójú kan tó sì dáhùn ni, bóyá ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ì bá parí sí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni. Kì í dúró lókèèrè dá aláṣẹ lóhùn, kì í sì í fi ọwọ́ kan na nǹkan sí èèyàn. Ó sún mọ́ ọlọ́pàá náà, ó tẹrí ba, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì na idà náà sí i kí ó lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ọlọ́pàá náà fò sẹ́yìn, àwọn yòókù sì yọ ìbọn. Ẹ̀kọ́ ilé tí ìyá rẹ̀ fi ẹgba kọ́ ọ ló fẹ́ pa á ní London.

“Kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀, sà,” ó bẹ̀ wọ́n. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gbà á lọ́wọ́ mi.”

“Má sún mọ́ wa! Sọ ọ́ sílẹ̀!”

Ìlérí, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wà lẹ́yìn níbi tó ti ń rìn bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Òun náà wọ aṣọ funfun, àmọ́ ó ti fa síìpù jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dé ọrùn, ó sì ká ìsàlẹ̀ aṣọ náà sínú ṣòkòtò, torí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ pọ̀ ní Woolwich. Ó sáré dé.

“He's my dad! Ẹ má yìnbọn! Daddy, sọ ọ́ sílẹ̀ jàre! Wọ́n máa pa ẹ́!”

“Mo ti ṣèlérí níwájú pẹpẹ, Ìlérí. Kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀.”

Ẹ̀rù ń bà á. Ẹni tó bá fẹ́ pè é ní òmùgọ̀ lè pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ láti ju idà náà sílẹ̀.

Ìlérí wo bàbá rẹ̀, ó wo àwọn fóònù tí wọ́n nà sókè. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kí àwọn ọlọ́pàá lè rí i, ó fa síìpù náà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì náà, ó sì jù ú síwájú bàbá rẹ̀. Aṣọ funfun rẹ̀ hàn sí gbogbo ayé.

“Gbé e lé e, Daddy. Please.”

Adégbọlá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wẹ́rẹ́, ó tẹ́ idà náà sórí jákẹ́ẹ̀tì. Kíá ni wọ́n ní kí ó dojú bolẹ̀. Ẹnì kan fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn, wọ́n sì fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é nínú omi òjò.

Nínú mọ́tò, wọ́n bi í ní orúkọ, wọ́n bi í ní ilé, wọ́n bi í ní ẹgbẹ́ tó ń bá ṣe, wọ́n sì bi í pé ta ló fẹ́ lọ bá jà.

“Máíkẹ́lì ló ń jà, kì í ṣe èmi,” ó dáhùn. Wọ́n béèrè àdírẹ́sì Máíkẹ́lì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó pe Daddy Enoch, olórí ìjọ, lórí fóònù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kò jẹ̀bi ohunkóhun, òfin gbà á láyè, ó lè máa lọ. Wọ́n dá idà náà padà fún un, wọ́n ní bó bá di ọjọ́ mìíràn, kí ó máa fi nǹkan bò ó.

Daddy Enoch ti ń dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Idà náà ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ lọ bá.

“Brother Gbọlá, ẹ kú ewu. Ṣé kò kan ilẹ̀?”

Adégbọlá wo ẹrẹ̀ tó bo aṣọ rẹ̀ láti àyà dé orúnkún. “Kò kan ilẹ̀, sà.”

“Daddy mi ló kan ilẹ̀,” Ìlérí wí.

Adégbọlá tẹrí ba, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì na idà náà sí Daddy Enoch.

“Ẹ gbà á, sà. Ẹ bá mi wá ẹlòmíràn tó máa gbé e wọlé.”

Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó lọ jókòó sórí àga tó gbẹ̀yìn. Ìlérí wá jókòó tì í, jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó tutù wà lórí itan rẹ̀, kò sì wọ̀ ọ́ títí wọ́n fi délé.