Ta Ló Di Bàbá Yìí Mú?

Ẹ̀yin tí ẹ wá jókòó tì mí láti àárọ̀, tí ẹ ní kí n sọ̀rọ̀, kí n má kàn máa wo ògiri, n ó sọ ọ̀kan. Mo lá àlá kan lánàá. Kì í ṣe ti òru. Mo jẹun ọ̀sán tán ni, ọyẹ́ sì mú, mo jókòó sórí àga onítìmùtìmù, mo fa ìró Àṣàkẹ́ ìyàwó mi bora. Ẹ mọ̀ pé ó ti pé oṣù méje tí ó ti fi ayé sílẹ̀.

Ọlọ́pàá kan jáde láti inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ wa. Ó kọ́kọ́ nu ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó tó tẹ ilẹ̀. Mo fẹ́ràn ìyẹn. Ó ní wọ́n fẹ̀sùn kàn mí pé mo halẹ̀ mọ́ Bàbá Múfú, aládùúgbò mi. Ó ka ohun tí mo sọ sí mi létí: pé n ó dá a lẹ́sẹ̀, n ó lọ́ ọ lọ́rùn bí aṣọ tí wọ́n fọ̀, apẹ̀rẹ̀ ni wọn yóò sì fi kó o lọ fún ìyàwó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi ni. Ojú ayé ni mo ti sọ ọ́, kì í ṣe ojú àlá, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí ewúrẹ́ rẹ̀ tún jẹ ẹ̀fínrín tí Àṣàkẹ́ gbìn sí ẹ̀gbẹ́ ilé, ẹ̀ẹ̀kẹta rẹ̀ nìyẹn. Mo bi ọlọ́pàá náà pé ọdún mélòó ni ẹ̀wọ̀n rẹ̀. Ó ní méje. Mo wá ń rò ó pé ta ni yóò máa bomi rin ẹ̀fínrín náà títí òjò yóò fi dé. Ohun tí ó dùn mí nìyẹn.

Ilé ẹjọ́ tí ó mú mi lọ léfòó sí òkè igi gúáfà wa. Wọ́n fi okùn tí à ń sá aṣọ sí so ó mọ́ ẹ̀ka kan, kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. A fi àkàbà gùn ún. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, àfi pé wọn kò gbálẹ̀.

Wọ́n fún mi ní lọ́yà kan, Mosúnmọ́lá. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tí ó kúnlẹ̀ kí mi. Kí ó tó dìde, ó ti hewú. Ó ní, “Bàbá, ẹ má sẹ́. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́. Àwọn tí ẹ ti halẹ̀ mọ́ tẹ́lẹ̀ la máa pè.”

Ó pe kẹ́tùlù mi. Kẹ́tùlù ṣí ọmọrí rẹ̀ bí ẹni tí ó ṣí fìlà fún adájọ́.

“Olúwa mi, ọdún mọ́kànlá ni bàbá yìí ti ń búra pé òun yóò sọ mí sí ààtàn. Òun náà ló tún fọ̀ mí láàárọ̀ yìí.”

Rédíò sọ bákan náà. Ó tún fẹ́ ka ìròyìn, wọ́n ní kí ó jókòó.

Bí adájọ́ ti ń gbọ́ ẹjọ́, wíìgì rẹ̀ ń gùn wá sí àgbọ̀n bí irùngbọ̀n, ìwo sì yọ lórí rẹ̀. Ó ti di òbúkọ. Ẹnikẹ́ni kò sọ nǹkan, nítorí a kì í sọ̀rọ̀ nípa ojú àgbà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìwé ẹ̀sùn mi láti ìsàlẹ̀. Inú mi dùn, mo ní bí ó bá jẹ ẹ́ dé orúkọ mi, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ibẹ̀, ó dúró.

“Òfin kò ka ìhalẹ̀ ẹni tí wọ́n bá dì mú sí. Ta ló di bàbá yìí mú?”

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Nílẹ̀ wa, ènìyàn kì í dá bínú. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ di onítọ̀hún mú, kí ó lè ráyè máa pariwo pé kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, Àṣàkẹ́ ló ń dì mí mú. Bí mo bá ti na ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn báyìí, ó ti mú un. Ìdí nìyẹn tí mo fi mọ̀ ọ́n lérí.

Mo ní ìyàwó mi ni. Adájọ́ wo ìwé ńlá kan, ó ní orúkọ rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀ láti oṣù méje. Ó ní ẹni tí ẹnikẹ́ni kò dì mú, òótọ́ ló ń sọ.

Lọ́yà mi ní òun fẹ́ bi Bàbá Múfú ní ohun kan. Inú apẹ̀rẹ̀ tí mo ṣèlérí fún un ni ó jókòó sí. Ó ní ó tu òun lára. Lọ́yà bi í bóyá mo lù ú.

“Rárá,” ni ó wí. “Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó dúró. Ó pẹ́ díẹ̀. Ó ń retí kí wọ́n mú un. Nígbà tí mo rí i pé kò sẹ́nì kankan, mo rọra fa ewúrẹ́ mi lọ sílé.”

N kò mọ̀ pé ó rí mi.

Adájọ́ ní kí n ṣe é kí òun rí i. Mo na ọwọ́ sẹ́yìn. Kẹ́tùlù kò hó mọ́. Ẹnìkan mú ọwọ́ mi. N kò wẹ̀yìn. Mo mọ ọwọ́ náà.

“Bàbá Délé, ó tó,” ni ó wí, bí ó ti máa ń pè mí. “Ẹ jẹ́ ká lọ sílé.”

Adájọ́ mi orí, ó sì jẹ orúkọ mi.

Mo jí. Etí ìró náà ti há sábẹ́ apá àga, ìyókù wé mọ́ ọwọ́ ọ̀tún mi. Mo wo ojú fèrèsé, ewúrẹ́ Bàbá Múfú wà nínú ẹ̀fínrín. Mo fẹ́ dìde, ìró náà fà mí padà. N kò tú u. Orí àga níbẹ̀ ni mo ti kígbe mọ́ ọn pé n ó pa á lónìí.

Ó gbójú sókè, ó wò mí, ó sì ń jẹun rẹ̀ lọ. Ó rí i pé wọ́n dì mí mú.